Lẹ́tà sí Àkànjí nípa ìbọn méjì

Ogden, Utah
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá

Àkànjí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyá Ìbejì ńkọ́? Mo rí fọ́tò àwọn ọmọ, wọ́n ti fẹ́ ga ju àgbàdo ẹ̀yìnkùlé yín lọ. Òtútù ti dé síbí, iṣẹ́ ń lọ, mo ti san gbèsè mọ́tò tán.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo fẹ́ sọ. Má rẹ́rìn-ín. Bàbá òyìnbó tó ń tún ìbọn àtijọ́ ṣe ta irin àárín Winchester 1885 kan fún mi, kò lọ́pàá, kò nígi. Ìyàwó mi ò tíì mọ iye tí mo rà á, ìwọ náà ò ní mọ̀ ọ́n. Ìlú yìí gan-an ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. John Browning, ọmọ bàbá tó ń rọ ìbọn, wà lọ́mọ ọdún 24 nígbà tó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n rẹ̀ ní 1879. Ilé-iṣẹ́ ìbọn Winchester fi 8,000 dọ́là ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1883. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà. O ti irin abẹ́ rẹ̀ síwájú, ìdérí ẹ̀yìn á rì wálẹ̀, o ki ọta bọ̀ ọ́, o fà á padà, ó dé pinpin. Nígbà mìíràn mo kàn ń ṣí i, mo ń pa á dé, kí n lè gbọ́ ìró rẹ̀.

A ti fi ọ̀pá onígun mẹ́jọ sí i, ínǹṣì 28. Igi ìdí rẹ̀ ni mo ń fá lọ́wọ́. Àmọ́ àwọ̀ irin yẹn, Àkànjí! Wọ́n kó o sínú àpótí pẹ̀lú èédú igi àti èédú egungun, wọ́n fi sínú iná títí ó fi pọ́n, wọ́n dà á sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jáde ní búlúù àti àwọ̀ eérú, bí epo mọ́tò lójú omi òjò. Mo rántí agbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ ọjà, àti ẹni tó gbá wa létí nídìí ẹwìrì.

Bàbá òyìnbó ò jẹ́ kí n fi ẹ̀tù ìsinsìnyí sí i. Ó ní ẹ̀tù dúdú ni wọ́n rọ irin yẹn fún, pé ti òde òní lágbára jù fún un. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ọkàn mi fò lọ sọ́dọ̀ Bàbá mi nílé.

Ṣadé pè mí. Bàbá ti tún ń dẹ̀gbẹ́ lóru. Ojú tí ò mọ igba náírà yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún mọ́ ni yóò rí ẹtu! Ṣakabùlà yẹn náà ni, èyí tí páìpù rẹ̀ ti là, tó fi wáyà dì. Ẹ̀tù wá di èyí tí ọmọkùnrin kan ń pò fún un, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fi sí i. Ṣé Bàbá ti gbàgbé ìka Bàbá Táyé ni? Mo bá a sọ ọ́ lórí fóònù, ó ní kí n lọ fi igi sí ìdí ìbọn tèmi ná.

Ìwọ nìkan ló máa ń dá lóhùn. Jọ̀ọ́, ra orógbó, má gbé ọtí dání. Sọ fún un pé mo ní kí o wọn ìbọn rẹ̀ fún mi, mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Gbé e lọ sílé rẹ, kí o máa wọ̀n ọ́n níbẹ̀ títí n ó fi dé ní Kérésì. Tó bá bi ọ́ pé kí ló ń pẹ́, sọ pé téèpù rẹ ló já.

Èmi ni,
Gbénga