Ẹ̀sùn Lórí Ẹní Ìwọ̀n Gàárì: Ẹṣin Kọ́ Ló Lẹ́bi

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tí mo máa kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ yín lórí ẹní kan ṣoṣo yìí, ẹní tí a máa ń tẹ́ sábẹ́ gàárì, tí sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ ń wọn bí gàárì ṣe ń tẹ ẹ̀yìn ẹṣin tó. Ẹ̀yin fúnra yín ni mo kọ eléyìí sí, torí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Rìsíìtì, nọ́ńbà ara ẹní náà àti ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti ní kí n fi rìsíìtì ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì fi í ránṣẹ́. Mi ò ní fi í ránṣẹ́ mọ́.

Àbùkù ẹní náà kò ṣòro láti rí. Ní apá òsì, ìlà sẹ́ńsọ̀ tó máa ń bọ́ sẹ́yìn egungun èjìká ẹṣin ti kú, òdo ló ń kọ. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìpè mi sọ pé ẹ̀yìn ẹṣin ló wọ́. Mo yí ẹní náà po, iwájú rẹ̀ di ẹ̀yìn: ẹṣin kan náà, gàárì kan náà, ẹni kan náà ló gùn ún. Òdo yẹn kúrò lẹ́yìn èjìká òsì, ó bọ́ sí ìdí gàárì lápá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ ẹṣin ló wọ́, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni ì bá wà. Ẹní ló tẹ̀ lé, ara ẹní ló wà.

Wọn ò gbà. Mo wá yọ ẹṣin kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátápátá. Mo tẹ́ ẹní sórí tábìlì tó tẹ́jú, mo tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ lé e, mo gbé pákó 20 cm sí 25 cm lé fóòmù, mo wá gbé àpò sìmẹ́ǹtì 50 kg lé pákó, apá ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà apá òsì. Ìwúwo yẹn lórí pákó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan bíi 10 kPa (kPa la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń tẹ ojú ibi kan tó). Apá ọ̀tún kọ 9.8. Apá òsì kọ 6.1. Mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 láìfọwọ́ kàn án, ó gòkè dé 8.7, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ǹtì ò wúwo sí i. Mo gbé àpò kúrò, kò padà sí òdo, 2 ló dúró sí. Tí mo bá sì fi àtàǹpàkò tẹ wáyà níbi tó ti wọ inú àpótí, ìlà tó kú á jí díẹ̀, á tún kú. Okùn kan ti já nínú wáyà níbẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ẹṣin bá ń sáré. Fídíò gbogbo rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín.

Wáyà máa ń já. Ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú.

Ọmọkùnrin tó gbé ìpè mi ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì kò kí mi. Ó ní, "Ṣé o tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lò? Lọ fọ ẹ̀yìn ẹṣin ẹ, kóo tún un gbé lé e." "O" ló ń pè mí, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀ kí n bá a sọ̀rọ̀, ó pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Mo tún pè, obìnrin kan ní kò sí ẹ̀sùn kankan lórúkọ mi.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ẹnjiníà yín máa dé Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹṣin pólò mẹ́ta la dá dúró tí ẹnikẹ́ni ò gùn, torí a kì í wọn ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán: iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú, ohun tí a bá rí kò ní bá ti òwúrọ̀ mu. Aago méjì ọ̀sán lù, ẹnjiníà ò dé, ẹnikẹ́ni ò sì pè wá títí di òní.

Wọ́n wá ní kí n fi ẹní ránṣẹ́ sí Èkó, pé wọ́n máa tún òdíwọ̀n rẹ̀ ṣe, ìyẹn ni kí wọ́n fi ìtẹ̀ tí a ti mọ iye rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ohun tó ń kọ lè tọ̀nà. Èmi ni mo san owó ọkọ̀. Nígbà tó padà dé, ìwé wà nínú rẹ̀ pé wọ́n ti ṣe òdíwọ̀n rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ yín fọwọ́ sí pé ẹ gba ẹrù náà ní ọjọ́ 13 ló dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀rá tí mo fi wé ojú wáyà kí omi má bàa wọ̀ ọ́, tí mo fi téèpù pupa lẹ̀, bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́ náà ló ṣe padà. Téèpù ò ká létí. Ta ló wá ṣe òdíwọ̀n ẹní tí wọn ò so wáyà rẹ̀ mọ́ nǹkan kan?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé irọ́ yẹn lè fà. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń fi ẹní wọn gàárì ẹṣin ń tẹ̀ lé ni pé kí ìpíndọ́gba má ju 11 kPa lọ, kí ojú ibi tó ga jù má sì ju 30 lọ. Ẹní tó ń fi nǹkan bíi 4 pamọ́ ń pe gàárì tó ń pa ẹṣin lára ní gàárì tó dáa. Èyí tó tún burú ni òdo ẹ̀yìn èjìká. Oníṣẹ́ awọ tó bá rí i á rò pé gàárì ò kan ẹṣin níbẹ̀, á fi òwú kún timùtimù apá òsì níwájú, ibi tó ti le tẹ́lẹ̀ á tún le sí i. Nínú pólò, ìṣẹ́jú méje gbáko ni ẹṣin fi ń sáré tó ń ṣẹ́ kọ́nà nínú abala kọ̀ọ̀kan. Kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ á fi wú, tí irun á re, tí irun funfun á hù dípò rẹ̀. Ẹṣin ò lè pè yín lórí fóònù. Ó máa fi etí lélẹ̀ ni, ó máa gbá ẹni tó bá ń di gàárì fún un nípàá, wọ́n á sì nà án pé ó ya olóríkunkun.

Ohun tí mo ń fẹ́ rèé. Ẹ fún mi ní apá òsì tuntun pẹ̀lú wáyà rẹ̀, kí ẹ sì fi òdíwọ̀n gidi tẹ̀ lé e: àpò afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ní 5, 10, 20 àti 30 kPa, kí wọ́n tẹ ohun tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ jáde sórí ìwé, lápá méjèèjì, pẹ̀lú ọjọ́ tó jẹ́ òótọ́ àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ dá owó mi padà pé, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Mo sì ń retí kí ọmọkùnrin ọjọ́ 4 oṣù Kejì yẹn pè mí, kó tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ 14 ni mo fún yín. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé òdíwọ̀n ọjọ́ 11 àti ìwé ìgbẹrù ọjọ́ 13 á jọ dé iwájú FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, lọ́yà mi á sì kọ̀wé sí yín lọ́tọ̀. Gbogbo ilé ẹṣin tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Èkó náà á rí ìwé méjèèjì, torí àwọn kan nínú wọn fẹ́ ra ẹní yìí lọ́wọ́ yín.

Ẹ má wulẹ̀ pè mí láti béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ̀yin lẹ fún mi, ọ̀dọ̀ yín ló wà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, Ìbàdàn.