Ẹ̀gbọ́n mi, ìdí tí n kò fi fi owó náà ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Ara wa le ní Leeds níbí. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù, mo sì mọ̀ pé ìdákẹ́ mi ti ń bí yín nínú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n lọ tààrà sí ọ̀rọ̀ ₦500,000 tí ẹ ní kí n san fún àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn láti fi dókòwò. N kò ní san án fún àwọn ènìyàn tí ẹ dárúkọ yẹn. Owó wà, n kò sì háwọ́ sí yín.

Ẹ ní wọ́n ń san èrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú bírò. Bí ₦100,000 bá ń lé bẹ́ẹ̀, tí ẹ kò sì fọwọ́ kàn án, yóò ti lé ní ₦2,300,000 nígbà tí ọdún kan bá fi yí po. Òwò wo ni wọ́n ń ṣe ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà, tàbí níbikíbi lábẹ́ ọ̀run, tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá? Kí ni àwọn wọ̀nyí ń tà? Ta ni ó ń rà á? Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san èrè fún ẹni tó ti wọlé ṣáájú, ọjọ́ tí ẹni tuntun bá sì tán ni gbogbo rẹ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ ni ètò sọ-owó-di-púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní MMM ṣe ti owó àwọn ènìyàn mọ́lé ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti CBEX, irú ètò kan náà lórí ayélujára, ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí àwọn tí owó wọn há fi ya bo ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn. Bàbá àgbà ṣe òṣómàáló títí dé òkè Ọya, síbẹ̀ kò gbé aṣọ àwìn fún ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ rí. Ṣé ẹ mọ ilé àwọn wọ̀nyí?

Ní ti àwòrán mi níbi tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù, tí ẹnì kan fi hàn yín, pápá ìjọba ìbílẹ̀ ni, ọ̀pá àlòkù ni mo sì fi ń gbá a. Lẹ́yìn iṣẹ́ òru ní ọsíbítù, ibẹ̀ ni ara mi ti ń balẹ̀, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí i. Bọ́ọ̀lù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń yà sọ́tùn-ún wọ inú igi, nítorí pé ojú ọ̀pá ṣí sílẹ̀, ìyẹn ni pé ó kọjú sọ́tùn-ún, nígbà tó bá bọ́ọ̀lù pàdé, bí ó bá sì ṣe ń fi agbára kún un ni yíyà náà ń pọ̀ sí i. Olùkọ́ mi ní kí n dẹ ọwọ́, kí n yí ọwọ́ òsì títí n ó fi rí kókó ìka méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí n sì dín bí mo ṣe ń fi apá sẹ́yìn kù. Ní báyìí, bọ́ọ̀lù mi ń lọ tààrà, inú mi sì dùn sí i gan-an.

Irú sùúrù yẹn náà ni mo fi ń dókòwò. Bí owó oṣù bá ti wọlé, iye kan náà ló ń lọ sínú index fund, ìyẹn àpò ìdókòwò tó ń fi owó náà ra ìpín díẹ̀díẹ̀ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́, nínú àkáǹtì ISA tí ìjọba ibí kì í gba owó orí lórí èrè rẹ̀. £20,000 ni ẹnì kan lè fi sí i jù lọ́dún. Tèmi kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn, nítorí ẹ̀yin náà mọ ibi tí èyí tó pọ̀ nínú owó mi ń lọ. Iye ìpín náà ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀, n kì í sì í sáré tà á nígbà tó bá wálẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe fún yín nìyí. Láti ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ń ta FGN Savings Bond, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ ará ìlú. ₦5,000 ni ó kéré jù, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé sí báńkì ẹni, lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ojú owó sì ń padà. Èlé náà kò ní mú yín jó, ṣùgbọ́n ẹ ó sùn. Ẹ wá alágbàtà tí DMO, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó gbèsè orílẹ̀-èdè, fọwọ́ sí, ẹ gba fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi orúkọ ara yín kọ ọ́. Bí mo bá ti rí fọ́ọ̀mù náà, ₦500,000 yóò wọlé.

Owó páànù Màmá yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Mo ti san án tààrà fún kápẹ́ńtà. Ṣé ó ti kó páànù dé? Ẹ sì dá mi lóhùn kedere, Ẹ̀gbọ́n mi: ṣé ẹ kò tíì fún àwọn ènìyàn yẹn ní owó kankan ṣá?

Èmi ni,
Àbúrò yín