Iná kọ́ ni oòrùn: èsì mi sí ẹni tó ní gílóòbù kan ti tó fún ọ̀gà

Olóòtú mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi gbé bíírò lónìí ni lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, níbi tí ẹnì kan ti ń fi àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń ra oòrùn oníná fún ọ̀gà, ìyẹn alágẹmọ, tí wọ́n ń sìn nínú ilé. Ó ní ìnákúnàá ni. Ó ní kí wọ́n so gílóòbù kan ṣoṣo sórí ẹranko náà, pé iná ni iná.

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Oníṣẹ́ iná sì ni mí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi fa wáyà káàkiri Ìbàdàn, láti Mọ́kọ́lá títí dé Mọ́níyà, kí n tó gbé tẹ́sítà sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá yẹ kó mọ ohun tí gílóòbù ń ṣe, èmi ni. Ọ̀gà kan ní ìlú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ mi pé mo ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, lẹ́yìn tí ìyàwó mi di olóògbé, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ní kí n wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ àwọn. Bí mo ṣe wọlé, mo bá ọ̀gà nínú àpótí gíláàsì lórí tábìlì. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ni ín. Kì í ṣe irú tiwa tó máa ń wà lórí igi dóńgóyárò. Yẹ́mẹ̀n àti Saudi Arabia ni ìran rẹ̀ ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti pa èyí lọ́mọ, nǹkan kan sì ga ṣóńṣó lórí rẹ̀ bí ẹni tó dé gọ̀bì tí kò tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kọ́ ọmọ náà pé ọ̀gà là ń pè é nílé. Dò dò ni mo ní kó pè é, dò mí ló ń pè. Bí ẹranko náà ṣe di Ọ̀gá nìyẹn. "Ọ̀gá ti jẹun." "Ẹ má pariwo, Ọ̀gá ń sùn." Ọkọ ọmọ mi ní òun ń sá fún ọ̀gá níbi iṣẹ́, òun tún délé bá ọ̀gá.

Gílóòbù kékeré tí wọ́n tà mọ́ àpótí náà ti kú kí n tó dé. Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, ṣebí iṣẹ́ yín ni?" Inú mi dùn. Mo lọ ra LED wọ́ọ̀tì 15, èyí tí wọ́n kọ 6500K sí lára páálí rẹ̀, ìyẹn ni pé funfun rẹ̀ dà bí ti ọ̀sán gangan. Nígbà tí mo tàn án, gbogbo pálọ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Mo tún gbé àpótí náà sún mọ́ fèrèsé kí Ọ̀gá lè máa rí oòrùn ọ̀fẹ́ jẹ. Mo wá jókòó, mo ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Òtútù dé. Ẹni tí kò bá tíì gbé apá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀ ni oòrùn ń yọ, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ó ti wọ̀. Nígbà tí oṣù kìíní fi máa wọlé, Ọ̀gá ti yí padà. Ìrẹ̀ tí a bá sọ sínú àpótí á rìn kọjá lójú rẹ̀, Ọ̀gá á la ẹnu, ahọ́n tó yẹ kó gùn ju ara rẹ̀ lọ á yọ díẹ̀, á sì tún wọlé padà. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ọrun. Àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń dúdú lórí ẹ̀ka. Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, Ọ̀gá ń bínú sí wa." Kò bínú. Òtútù ló ń mú un, ó ń sọ ara rẹ̀ di dúdú kó lè rí ooru fà mọ́ra.

Dókítà ẹranko ya àwòrán egungun rẹ̀. Lójú mi báyìí, fírífírí ni egungun náà hàn, bí òwú. Dókítà náà béèrè irú iná tí a ń lò. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ìgboyà, mo pe wọ́ọ̀tì rẹ̀, mo pe 6500K rẹ̀. Ojú tó fi wò mí, èmi náà ti fi wo ọmọ iṣẹ́ kan rí, èyí tó mú wáyà agogo ẹnu ọ̀nà, tó fi gbé iná fún ẹ̀rọ ìlọta.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn gbọ́. Ẹrù mẹ́ta ni oòrùn máa ń rù bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí wà níbẹ̀, ooru wà níbẹ̀, ìtànṣán kan tí ojú èèyàn kò lè rí náà wà níbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní UVB. Ìgbì rẹ̀ kúrú, kò ju nǹkan bíi 290 sí 320 nánómítà lọ. Nígbà tí UVB bá bá awọ ọ̀gà, ó ń yí èròjà kan padà níbẹ̀, ooru ara á wá parí iṣẹ́ náà títí yóò fi di fítámìnì D3. Láìsí D3 yìí, kálísíọ̀mù tí a ń wọ́n sára ìrẹ̀ bí ìyẹ̀fun kàn ń gba inú ẹranko náà kọjá bí àlejò tí wọn kò fún níjòókòó ni. Ara á wá máa yá kálísíọ̀mù lọ́wọ́ egungun, kò sì ní san án padà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, tí àgbọ̀n ń rọ̀, tí ahọ́n kò sì lágbára mọ́.

LED mi, ẹrù kan ṣoṣo ló gbé nínú mẹ́ta. Bó ṣe mọ́lẹ̀ tó yẹn, kò ní UVB rárá. Fèrèsé tí mo gbé e sún mọ́ ńkọ́? Gíláàsì á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, á jẹ́ kí ooru wọlé, UVB nìkan ni yóò dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àpótí náà gan-an gíláàsì ni, fèrèsé náà gíláàsì ni. Mo ti ẹranko náà mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn méjì, mo wá ń sọ pé mo gbé e sóòrùn.

Ọmọ mi kò bá mi wí. Ó kàn gbé ìgò oògùn kan síwájú mi, ó ní, "Bàá mi, ẹ̀yin náà ńkọ́?" Àṣé ìjọba wọn níbẹ̀ ti gba gbogbo èèyàn níyànjú láti máa lo fítámìnì D, máíkírógíráàmù mẹ́wàá lójúmọ́, nígbà ìwọ́wé àti nígbà òtútù, nítorí pé oòrùn wọn kì í lágbára tó lásìkò yẹn. Wọ́n ní kí àwa tí awọ wa dúdú ronú àtimáa lò ó yípo ọdún. Mo ti ń sọ pé orúnkún ń dùn mí láti oṣù kọkànlá. Èmi àti Ọ̀gá la jọ wà lẹ́yìn gíláàsì kan náà.

Mo wá wọ aṣọ iṣẹ́ sọ́rùn. A kọ́kọ́ gbé gíláàsì kúrò, a ra àgò onínẹ́ẹ̀tì tó ga, tí atẹ́gùn lè gbà inú rẹ̀ kọjá. Iná UVB tí dókítà ní kí a rà kì í ṣe gílóòbù roboto. Ọ̀pá gbọọrọ ni, irú èyí tí àwa oníná ń pè ní fúlọ́résẹ́ǹtì, T5, wọ́ọ̀tì 24, kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 55 lọ, wọ́n kọ 6% sí i lára, ìyẹn ni bí UVB rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ìdí tó fi dára ju roboto lọ ni pé ó ń tan ìtànṣán káàkiri òkè àgò láti ìgun dé ìgun. Roboto máa ń dá ojú kan lù ni, ọ̀gà sì lè máà jókòó síbẹ̀. Mo fi irin tó ń dán sẹ́yìn ọ̀pá náà kó lè máa ta ìtànṣán sísàlẹ̀, mo gbé e sórí nẹ́ẹ̀tì láti ìta. Nẹ́ẹ̀tì náà ń jẹ nínú rẹ̀ o, ó lè gé tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Fún ooru, gílóòbù halogen wọ́ọ̀tì 50 ti tó. Ọwọ́ mi tún kọ́kọ́ ṣì níbẹ̀. Mo so ó sí apá ọ̀tún, ọ̀pá UVB wà lápá òsì, kó lè dọ́gba lójú. Dókítà ní kí n gbé wọn súnmọ́ra. Ibi tí ooru bá wà ni ọ̀gà ń gùn lọ, níbẹ̀ ló ti yẹ kí UVB bá a láìròtẹ́lẹ̀, bí oòrùn ti ń ṣe é nínú igbó. Lẹ́yìn tí mo gbé e, ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń gbóná dé ìwọ̀n 29 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, mo sì dúró níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi gílóòbù ooru sínú àgò. Ọ̀gà lè máà tètè mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń jó, á kàn máa sún mọ́ ọn ni.

Ti òdiwọ̀n tún wà, mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an. Mo wọn ogún sẹ̀ǹtímítà láti iná dé ẹ̀ka, mo ní ó ti tán. Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, Ọ̀gá dúró lórí ẹ̀ka, kò sí nínú ẹ̀ka." Òótọ́ ni! Ẹ̀yìn rẹ̀ àti gọ̀bì orí rẹ̀ ló yẹ kí n wọ̀n dé. Mo sọ ẹ̀ka náà kalẹ̀ sí i. Ẹnì kan tó ń sin irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wọn yá wa ní mítà tí wọ́n fi ń wọn agbára UV, 3 ló kà níbi tí ẹ̀yìn Ọ̀gá máa ń wà, iye tí dókítà fẹ́ gan-an nìyẹn. A kó ewé tútù yí ibẹ̀ ká kó lè sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá yó. LED mi? N kò jù ú nù. Ó wà níbẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ àti fún àwọn ewé.

Táímà ló ń tan gbogbo rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, tó ń pa á ní aago méje alẹ́. Lóru, òkùnkùn biribiri ni. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé kí wọ́n tan gílóòbù pupa sí i lóru nítorí òtútù. Mo yọ ọ́. Ọ̀gà ń rí iná pupa bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń rí i. Ta ní ń sùn lábẹ́ iná ilé ijó? Òtútù òru inú ilé tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ amúlégbóná kò lè pa á.

Ní oṣù kẹrin tí mo ń padà bọ̀ wálé, ahọ́n Ọ̀gá ti ń ta dé ìrẹ̀ lórí ẹ̀ka kejì. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kò nà mọ́ títí dòní. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó ló kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ti èyí tí èèyàn bá gbé sínú àpótí yàtọ̀, ọwọ́ ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni ẹjọ́ ijó wà. Tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn bá sì ń ṣírò owó, kó mọ̀ pé owó tí a san fún dókítà ẹranko ju owó ọ̀pá iná náà lọ dáadáa. Mo béèrè iye rẹ̀, ọmọ mi ní kí n má bi òun.

Níbí ńkọ́, ní Ìbàdàn? Mo bá ọmọkùnrin kan ní àdúgbò mi tó mú ọ̀gà lórí igi, tó fi í sínú àpótí ẹja, tó tan LED aláwọ̀ mẹ́ta sí i nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Wàhálà Leeds ló lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Oòrùn ọ̀sán wa máa ń ju 10 lọ lórí òṣùwọ̀n UV kan náà tí a fi ń wá 3 lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó ń bu owó lé e. NEPA kò lè mú un lọ. Mo ní tí kò bá ní tú u sílẹ̀, kó gbé e sínú àgò onínẹ́ẹ̀tì, kó so ó sábẹ́ igi níta níbi tí oòrùn àárọ̀ ti lè bà á, kí ibòji sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kó máa fín omi sára ewé, nítorí ọ̀gà kì í sábà mu omi inú abọ́. Mo kìlọ̀ fún un gidi pé kó má gbé àpótí gíláàsì sóòrùn láé. Ẹranko náà á sè sínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun kò tiẹ̀ fẹ́ rí i nínú ilé, pé ọjà Bódè ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn oníṣègùn, kí ni ti ká máa sìn ín. Mi ò dá sí ìyẹn.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa lókè òkun mọ̀. UVB inú ọ̀pá náà máa ń kú ṣáájú iná rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, yóò ṣì máa tàn, ojú èèyàn kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ohun tí a torí rẹ̀ rà á ti lọ. Nítorí náà, gbogbo oṣù kìíní ni mo máa ń pe Leeds. Lọ́dún yìí, ọmọ mi ní, "Bàá mi, iná yìí ṣì ń tàn dáadáa o."

Mo ní, "Mo mọ̀. Yọ ọ́."

Èmi ni tiyín,
Bàbá Oníná,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.