Ẹ̀sùn lórí ìrìn-àjò Fort Clinch: ẹ dá owó wa padà, ẹ sì tún ìtàn yín ṣe

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti pe nọ́ńbà yín títí, kò sẹ́ni tó gbé e, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé. Ẹ̀sùn mi dá lórí ìrìn-àjò tí ẹ kó ìdílé wa lọ sí Fort Clinch, ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Florida tí odi ogun àtijọ́ kan wà nínú rẹ̀, ní Fernandina Beach, ní erékùṣù Amelia. Ọgbà náà kò ṣẹ̀ wá. Ibẹ̀ dára, kódà àwọn ọmọ ṣa eyín àkurákudà létí òkun títí ọwọ́ wọn fi kún. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Ibi méjì ni wọ́n ti ń pàgọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́bàá odò Amelia, lábẹ́ igi óákù. Èkejì wà létí òkun, nínú oòrùn gangan. Ẹ gba owó àfikún lọ́wọ́ wa nítorí ìbòòji, ó wà lórí rìsíìtì, síbẹ̀ etí òkun lẹ kó wa sí. Èèkàn kéékèèké tí ẹ gbé wá kò mú yanrìn, ni afẹ́fẹ́ bá wó àgọ́ lu ìyá ọkọ mi lóru. (Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn.) Awakọ̀ yín tún tan iná ńlá kọjú sí òkun ní àsìkò tí ìjàpá òkun ń yé ẹyin, bẹ́ẹ̀ irú iná yẹn máa ń ṣi àwọn ọmọ wọn lọ́nà. Òṣìṣẹ́ ọgbà ló wá ní ká pa á. Ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ì bá rọrùn láti gbójú fò, bí kì í bá ṣe ti irọ́ tí afinimọ̀nà yín pa fún àwọn ọmọ wa. "Ilé Ẹrú" lẹ pe odi náà nínú ìpolówó yín. Ọkùnrin yín dúró nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá bíríkì rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti so àwọn baba ńlá wa mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tà wọ́n, bíi ti Badagry. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi bú sẹ́kún.

Ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni, ọjọ́ tí àwọn kan máa ń wọ aṣọ ṣọ́jà ìgbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà láti fi ìgbé ayé inú odi hàn. Ọ̀kan nínú wọn rọra ṣàlàyé: ọdún 1847 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi yìí láti fi ṣọ́ ẹnu odò St. Marys àti èbúté Fernandina. Àwọn ọmọ ogun Gúúsù, tó fẹ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà, gbà á ní 1861, wọ́n sá kúrò ní oṣù kẹta 1862, ọmọ ogun Àríwá, ti ìjọba àpapọ̀, sì wọlé. Wọn ò tilẹ̀ kọ́ ọ parí. Èsì afinimọ̀nà yín ni pé òyìnbó ń bo àṣírí.

Ta ló ń bo àṣírí? Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ka kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè léèwọ̀ ní 1808, Sípéènì ló ṣì ni Florida. Èbúté Fernandina làwọn onífàyàwọ́ wá ń gbà kó ẹrú wọ Georgia. Ìtàn gidi nìyẹn, nínú ìlú tí a gba inú rẹ̀ kọjá, ọkùnrin yín ò sì mẹ́nu bà á.

Lórí erékùṣù yẹn kan náà ni American Beach wà, tí Abraham Lincoln Lewis àti ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1935, kí aláwọ̀ dúdú lè rí òkun wẹ̀ nígbà tí wọn ò gbà wọ́n láyè níbòmíì. Ó wà nínú ètò tí a sanwó fún. Torí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe mú àwọn ọmọ wá. Ẹ ní ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ sì wa ọkọ̀ kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ dá owó ìbòòji àti owó American Beach padà, kí ẹ yọ "Ilé Ẹrú" kúrò nínú ìpolówó yín, kí ẹ sì fi àtúnṣe ìtàn ránṣẹ́ sórí WhatsApp tí gbogbo ìdílé tó bá wa lọ wà. Bí oṣù yìí bá parí láìsí èsì, màá gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà. Rìsíìtì àti fọ́tò àgọ́ tó wó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀dínwó ìrìn-àjò míì lọ̀ mí. Owó wa la fẹ́.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, Jacksonville