Ojú owó ńkọ́?

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ nípàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa nílùú Iléṣà lóṣù tó kọjá ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ máa yá wa lówó ilé lọ́nà tuntun: fún ọdún mẹ́wàá gbáko, èlé nìkan lèèyàn yóò máa san lóṣooṣù, kò ní fọwọ́ kan ojú owó, ìyẹn owó tó yá gan-an, títí àdéhùn yóò fi pé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, nítorí mo mọ ẹni tó ti tọ ọ̀nà náà.

Àbúrò mi obìnrin ni. Lọ́dún 2004 ló ra ilé ní London, ó yá £150,000 fún ọdún 25, èlé nìkan ló sì ń san. Ohun tó ń san lóṣù fúyẹ́ ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, ó sì fi ìyókù tọ́ ọmọ mẹ́ta dé yunifásítì. Mi ò ní sọ pé kò jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 2029 ni àdéhùn pé, £150,000 yẹn sì wà nílẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ilé náà ti gbówó lórí. Ó lè tà á, kó san gbèsè, kí owó sì ṣẹ́ kù. Ibo ni yóò wá máa gbé? Ọmọ ọdún 63 ni. Nígbà tó ń yá a, báńkì kò bi í léèrè ibi tí yóò ti rí ojú owó. Láti ọdún 2014 ni òfin ibẹ̀ ti le sí i: ẹni tó bá fẹ́ irú ẹ̀yáwó yìí gbọ́dọ̀ fi ohun tí yóò fi san án hàn kí wọ́n tó yá a. Òkè òkun tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń tọ́ka sí fúnra rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn.

Tiwa níbí tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní mílíọ̀nù 10 náírà lèèyàn yá, èlé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. (Ìdá 24 kì í ṣe àsọdùn: ní oṣù Kọkànlá 2024, CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gbé èlé tirẹ̀, èyí tí àwọn báńkì ń wò ṣe tiwọn, dé ìdá 27.5.) Èlé nìkan jẹ́ 200,000 lóṣù. Bó bá ń san ojú owó mọ́ ọn kí gbogbo rẹ̀ lè tán lọ́dún mẹ́wàá, ó jẹ́ nǹkan bí 220,500. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣírò, nítorí ó yà mí lẹ́nu. Nǹkan bí 20,500 péré ló wà láàárín méjèèjì! Ẹni tó san èlé nìkan yóò ti san mílíọ̀nù 24, yóò sì tún jẹ mílíọ̀nù 10. Ẹnì kejì yóò san nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 àtààbọ̀, kò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àwọn kan á ní iye náírà ń jábọ́, pé mílíọ̀nù 10 òní kò ní jọ nǹkan kan lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Òótọ́ wà níbẹ̀, fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ń gòkè bí ọjà ṣe ń gòkè. Owó oṣù olùkọ́ kì í gòkè báyẹn, owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́?

Àwọn baba wa mọ gbèsè yìí. Ìwọ̀fà ni. Ìwọ̀fà á ṣiṣẹ́ lóko olówó rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, kọ́bọ̀ kan kò sì ní kúrò nínú owó tí wọ́n torí rẹ̀ fi í ṣe ìwọ̀fà. Òṣómàáló ni bàbá tó bí mi. Ó ń gbé aṣọ láwìn fún àwọn oníbàárà, wọ́n sì ń san án lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó le lórí gbèsè, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ lópin.

Mo mọ ẹni tí èlé-nìkan lè bá lára mu: àgbẹ̀ kòkó tó ń retí ìkórè, tàbí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ pé, fún ọdún kan sí méjì. Òṣìṣẹ́ tó ń dá ìdá 2.5 nínú owó oṣù rẹ̀ sí National Housing Fund, àpò owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, ní ọ̀nà tó sàn jù: ìdá 6 ni èlé ibẹ̀, ó sì lè tó ọdún 30. Lórí mílíọ̀nù 10, kò tó 60,000 lóṣù, tojú owó tèlé. Ìwé ilẹ̀ tó dájú ni wọ́n ń béèrè, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń há. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé ilẹ̀.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ lẹ́tà yìí jáde ṣáájú ọjọ́ náà, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè bá mi ṣe ìṣirò náà nílé. Tìfẹ́tìfẹ́ ni màá fi bi ọ̀dọ́mọkùnrin wa léèrè lọ́jọ́ náà: lópin ọdún kẹwàá, níbo la ti máa rí mílíọ̀nù 10?

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Iléṣà