Ìwé ìdádúró ni kọ́kọ́rọ́ owó ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Sí Olóòtú,

Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, kò sí owó oṣù tí ìjọba ń san fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ owó kan wà tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí òfin yọ̀ǹda pé kó fọwọ́ kàn kó tó darúgbó. Ọ̀pọ̀ ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Àwọn tó gbọ́ pàápàá kì í rí i gbà bọ̀rọ̀.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé bíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, yálà wọ́n dá a dúró ni o tàbí òun ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò ríṣẹ́ mìíràn, ó lè gba ohun tí kò ju ìdámẹ́rin owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tí owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ̀ jọ jẹ́ 100,000 náírà, 8,000 ni wọ́n ń yọ nínú rẹ̀ lóṣù sínú àkáǹtì náà, agbanisíṣẹ́ á sì fi 10,000 kún un. Lọ́dún márùn-ún, ó ti di 1,080,000 láìka èlé. Ìdámẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 270,000.

Ẹni tó bá mọ ohun tí wíwáṣẹ́ ń náni ló máa mọ iyì owó yẹn. Fáìlì tí wọ́n ń há sábíyá kiri láràárọ̀, owó ló wà nínú rẹ̀: ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ nítorí orúkọ tí wọ́n ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo kọ. Dátà ńkọ́? Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ ńkọ́? Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ìpè ìdánwò mẹ́ta lè dé, kó jẹ́ èyí tó ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé nìkan ló máa lọ. Àwọn ará ilé á sì máa sọ pé ó ti ya ọ̀lẹ. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí kò rówó wọkọ̀.

Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà, àwọn tí à ń pè ní PFA, lèèyàn máa lọ. Wọ́n á béèrè ìwé ìdádúró tàbí ìwé pé agbanisíṣẹ́ gbà pé kó máa lọ, NIN àti nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì. Ibi tí orúkọ ti máa ń fa wàhálà nìyí, pàápàá fáwọn obìnrin: orúkọ bàbá wà lórí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, orúkọ ọkọ wà lórí NIN. Ẹ tètè tún un ṣe nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn ọ̀gá mìíràn sì ń yọ owó yìí láìfi í ránṣẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù ni òfin fún wọn. Tí wọ́n bá kọjá á, ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọn kò fi ránṣẹ́ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé owó oṣù yín. Òun lẹ máa mú tọ PenCom lọ, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì.

Mo mọ̀ pé òfin yìí kò kan gbogbo èèyàn. Iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ló sọ ọ́ di dandan fún, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ tó ní olùkọ́ mẹ́wàá lè máà ṣe é rárá. Fún irú wọn àti fáwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ìfẹ̀yìntì kékeré lọ́dún 2019. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ síbẹ̀ ló ṣeé fọwọ́ kàn bí ọwọ́ bá há.

Ṣùgbọ́n ìwé ìdádúró yẹn ló ká mi lára jù. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń lé àwọn mìíràn, àwọn mìíràn á rí i ka lórí WhatsApp. Níbo lèèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù mẹ́rin? Mo ń bẹ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n mú un ní dandan kí ìwé náà wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́: orúkọ, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó jáde ní oṣù Kẹfà tí wọn ò fún níwèé títí di oṣù Kejìlá, ó ti yẹ kó gbowó rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn