Ìwọ ni kí o máa darí ojú wọn: lẹ́tà sí ọmọ mi oníjó

Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Gbogbo wa wà dáadáa nílé. Inú mi dùn púpọ̀ pé wọ́n ti pè ọ́ wá jó níbi ìgbéyàwó ní Ṣágámù, àti pé ijó ikùn tí àwọn ará Íjíbítì ń jó, èyí tí o ti ń kọ́ láti ọjọ́ yìí, ni wọ́n fẹ́ wò. Ìbàdí rẹ ti mọ iṣẹ́. Ohun tó kù ni ìtàgé, torí ẹni tó ń jó dáadáa níwájú dígí nínú yàrá lè dé iwájú èrò kí gbogbo ohun tó mọ̀ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ oníjó lórí ìtàgé ni pé kí ó máa darí ojú àwọn tó ń wò ó: wo ìbàdí mi báyìí, ó yá, wo ọwọ́ mi, dúró díẹ̀, wá wo ojú mi. Bí o kò bá darí ojú wọn, wọ́n á yí padà sí oúnjẹ àti fóònù wọn, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi wọn.

Ìwọlé ni kí o kọ́kọ́ mú lọ́kùn-únkúndùn. O mọ bí àwọn régbérégbé ṣe máa ń wọlé ní Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Wọn kì í sáré. Onílù á ṣíwájú, wọ́n á rìn kí aṣọ wọn lè hàn, ijó kì í gbóná àfi tí wọ́n bá dé iwájú àwọn àgbà. Ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Jẹ́ kí orin lọ díẹ̀ kí o tó yọ sí wọn. Mú ìborùn sílíìkì rẹ, èyí tó gùn tó yáàdì 3, sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, rìn yí ààyè ijó ká lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo tábìlì rí ojú rẹ. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́, má gbọn ìbàdí rárá. Jẹ́ kí wọ́n máa retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé ìborùn yẹn jáde, kọ́kọ́ gbójú sókè wo fáànù. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn wa ni àjà wọn kò ga, bí fáànù bá sì gba aṣọ mọ́ ọ lọ́wọ́, ó lè fa ọwọ́ rẹ yọ. Ní kí wọ́n pa fáànù àárín tó bá kan ọ́, tàbí kí o fi ìborùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Rírìn yìí kì í ṣe àṣerégè. Láyé àtijọ́, inú ilé àti àgbàlá ni wọ́n ti ń jó ijó ikùn ní Íjíbítì, ojú kan náà sì ni ẹsẹ̀ oníjó sábà máa ń wà. Nígbà tí oníjó kan, Badia Masabni, ṣí gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ rẹ̀ ní Káírò ní 1926, ijó náà gun orí ìtàgé ńlá, ó sì di dandan kí oníjó máa rìn káàkiri, kí ó na ọwọ́ sókè kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè rí i. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn oníjó bíi Tahia Carioca àti Samia Gamal ti gbòkìkí. Bí o bá rí àwòrán wọn tó ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn ni kí o wò, má wo ìbàdí nìkan.

Ronú dáadáa nípa ibi tí àwọn èèyàn jókòó sí. Níbi ìgbéyàwó wa, ọkọ àti ìyàwó á wà níwájú, mọ̀lẹ́bí ọkọ lápá kan, mọ̀lẹ́bí ìyàwó lápá kejì, nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ni ojú ti ń wò ọ́. Ohun tó hàn sí ẹni iwájú lè má hàn sí ẹni ẹ̀gbẹ́. Ìgbì ikùn, èyí tó ń ti àyà sọ̀kalẹ̀ dé abẹ́ ìdodo, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń rí i. Bí o bá kọjú sí wọn gan-an, àfi bí ẹni ń mí lásán. Nọ́ńbà 8 tí ìbàdí ń fà lókè-nísàlẹ̀, iwájú tàbí ẹ̀yìn ló ti dára jù. Jíju ìbàdí sílẹ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ kí o kọ igun ara sí wọn, kí o má kọjú sí wọn tán, kí o má sì yẹ̀gbẹ́ tán. Máa yí ipò padà bí orin bá ti parí gbólóhùn kan, kí ìhà kọ̀ọ̀kan rí ìpín tirẹ̀. Má sì kọ ẹ̀yìn sí tábìlì àwọn àgbà pẹ́.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí jíju ìbàdí yìí, torí mo rí i nínú fídíò tí o fi ránṣẹ́ pé kò tíì já dáadáa. Fi gbogbo ìwọ̀n ara lé ẹsẹ̀ òsì, kí orúnkún rẹ̀ rọ̀. Gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú díẹ̀, kí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan kan ilẹ̀, kí gìgísẹ̀ wà lókè. Na orúnkún ọ̀tún díẹ̀, ìbàdí á gòkè. Tẹ̀ ẹ́, kí ìbàdí já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjábọ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlù, kì í ṣe ìgòkè. Bí orí rẹ bá ń lọ sókè sódò, orúnkún òsì ló ń tẹ̀ tó sì ń nà láìyẹ. Bí èjìká ọ̀tún bá ń bá ìbàdí wálẹ̀, egungun ìhà rẹ ni o kò gbé dúró; fojú inú wo àyà rẹ pé ó ń lọ sókè bí ìbàdí ti ń bọ̀ wálẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ ni pé kí o gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nílẹ̀ lójijì láàárín ijó. Bí ara rẹ bá yẹ̀, o ti pín ìwọ̀n ara sórí ẹsẹ̀ méjèèjì nìyẹn, ìbàdí tó bá sì ń ru ẹrù kò lè já.

Ti gbígbọn ìbàdí kò le tó bẹ́ẹ̀. Orúnkún ló ń ṣe é, ọ̀kan á tẹ̀, èkejì á nà, díẹ̀díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á wà nílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 2 kí o tó mú un yára. Bí o bá fún ìdí pọ̀, tàbí tí o mú orúnkún le gbagidi, gbígbọ̀n náà á kú, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́.

Wàyí o, ìlù ni ọ̀gá. Ohùn méjì ni kí etí rẹ kọ́kọ́ mọ̀ nínú ìlù Lárúbáwá: dùm, ohùn wúwo tó ń ti àárín awọ jáde, àti tẹ́k, ohùn tín-ín-rín tó ń ti etí awọ jáde. Ìlù tí wọ́n ń pè ní maqsum lọ báyìí: dùm tẹ́k, tẹ́k dùm, tẹ́k. Saidi, tó wá láti gúúsù Íjíbítì, tí wọ́n fi ń jó ijó ọ̀pá, yí àárín rẹ̀ padà: dùm tẹ́k, dùm dùm, tẹ́k. Malfuf tó ń sáré, tó dára fún ìwọlé àti ìjáde: dùm, tẹ́k, tẹ́k. Fi ẹnu pè wọ́n, kí o fi ọwọ́ lù wọ́n lórí tábìlì títí wọn kò fi ní rú ọ lójú mọ́, kí ìdí tó dá sí i. Lórí dùm, jẹ́ kí ara wúwo kó sì lọ sílẹ̀. Lórí tẹ́k, ohun tó fúyẹ́ ni kí o ṣe, bóyá àyà, bóyá èjìká. Ẹni tó ń ju ìbàdí sílẹ̀ lórí tẹ́k ń bá ìlù jà, àwọn tó ń wò ó á sì mọ̀ pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó bí wọn kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Etí ìlù kò jìnnà sí ọmọ Ìjẹ̀bú.

Nígbà mìíràn ìlù á dákẹ́, ohun èlò kan ṣoṣo á máa dá sọ̀rọ̀. Taqsim ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníjó ti ń bẹ̀rù, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti fi dí àlàfo. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fèrè nay, tí ohùn rẹ̀ gùn bí èémí, ọwọ́ àti ìgbì ikùn ni kí o fi dá a lóhùn. Bí ó bá jẹ́ qanun, ohun èlò olókùn tí wọ́n ń fi ìka ta, tí okùn rẹ̀ ń gbọ̀n wìnrìnwìnrìn, gbígbọ̀n kékeré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn bá a mu. Nígbà tí ohùn bá sì dúró, dúró. Ka méjì nínú ọkàn rẹ, má mira. O mọ̀ pé ẹni tó bá ń ro ìkọ́kọrẹ́ láìsinmi á fọ́ gbogbo kókó inú rẹ̀ títí á fi di lẹ́ẹ̀. Ijó tí kò ní ìdúró nínú rí bẹ́ẹ̀, ẹnu kò ní mọ ibi tí adùn wà.

Mo fẹ́ràn èrò rẹ láti mú onígángan wá fún ìlù ìparí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ dánra wò ṣáájú ọjọ́ náà, torí gángan ń sọ̀rọ̀, kò dà bí darbuka, ìlù àwọn Lárúbáwá, tó ní dùm àti tẹ́k lásán. Ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ ṣe dùm, ohùn òkè ṣe tẹ́k, kí ó lu gbólóhùn kúkurú kan, kí o dá a lóhùn, kí ó tún un lù lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó kọjá sí òmíràn. Títún-un-lù yẹn ló ń jẹ́ kí èrò mọ̀ pé ìwọ àti onílù jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Ẹ fi àmì kan sí i: bí o bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ti kù gbólóhùn mẹ́rin, kí ó máa múra àti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú rẹ. Kí ó má lọ ki ẹnikẹ́ni láàárín rẹ̀. Àsìkò oríkì ń bọ̀ lẹ́yìn ijó.

Múra sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 12: ìwọlé 3, orin jẹ́jẹ́ 3, saidi pẹ̀lú ọ̀pá 3, ìlù 2, ìjáde 1. Níbi ìnáwó, àkókò kì í dúró, MC lè sọ fún ọ lẹ́nu ọ̀nà pé ìṣẹ́jú 6 péré ló kù. Nítorí náà ní kí wọ́n gé orin náà sí ọ̀nà méjì, gígùn àti kúkurú, kí méjèèjì wà lórí fóònù àti lórí fláàṣì. Nínú ti kúkurú, yọ orin jẹ́jẹ́ àti ọ̀pá, má yọ ìwọlé. Bí iná bá lọ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, má wo DJ, má sì kúrò lójú agbo. Wọ àwọn àwo idẹ kéékèèké wọ̀nyẹn, sagat, sí àtàǹpàkò àti ìka àárín ọwọ́ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o fi wọ́n lu maqsum, onígángan á gbé e. Èrò á pàtẹ́wọ́ ju bí wọn ì bá ti ṣe lọ.

Ojú rẹ ńkọ́? Bí o bá ń ka ẹsẹ̀ nínú ọkàn, ó ń hàn lójú. Yan tábìlì mẹ́ta, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn orin kan gbáko kí o tó kúrò níbẹ̀. Àwọn ìyá ni kí o kọ́kọ́ wò. Bí àwọn ìyá bá ti rẹ́rìn-ín sí ọ, gbogbo gbọ̀ngàn ti gbà ọ́. Máa mí, ẹni tó bá di èémí mú, èjìká rẹ̀ á gòkè, ọwọ́ rẹ̀ á sì le bí igi.

Aṣọ. Àwọn kan á ní ijó ìhòòhò ni, mi ò sì fẹ́ kí o bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Fi àwọ̀n tó bá àwọ̀ ara rẹ mu bo ikùn, bí ọ̀pọ̀ oníjó Íjíbítì ti ń ṣe. Galabeya, ẹ̀wù gígùn àwọn ará Íjíbítì, tí o máa wọ̀ fún saidi bo gbogbo ara tẹ́lẹ̀. Rán ìkọ́ kọ́mú rẹ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òwú tó le, kí o tún fi pín-ìnnì gbe é lẹ́yìn, kí o fi pín-ìnnì mú bẹ́líìtì mọ́ yẹ̀rì níwájú, lẹ́yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kì í ṣe dídúró ló ń já aṣọ ijó, gbígbọ̀n ni. Nítorí náà jó gbogbo ìṣẹ́jú 12 nínú rẹ̀ nílé ṣáájú. Bùbá gígùn kan gbọ́dọ̀ wà lára rẹ títí o fi máa wọlé, kí o sì tún wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ tí o bá jáde. Tẹ ilẹ̀ wò pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, torí táìlì tí wọ́n da ọtí sí ń yọ̀ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó níná wá kù. Òfin báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti 2007 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn máa ná náírà níbi ijó tàbí kí ó jó lórí rẹ̀; ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn ₦50,000 ni ó kéré jù, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Sọ fún MC kí ó kéde pé inú àpò ìwé tàbí agbọ̀n ni kí wọ́n fi ẹ̀bùn sí. Bí ẹnì kan bá ná an síbẹ̀síbẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, má sì bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Àbúrò rẹ á wà níbẹ̀ láti kó o. Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ lẹ owó mọ́ ọ lára, yí po lẹ́ẹ̀kan, na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ààyè wà láàárín yín, kí o fi ẹ̀rín darí rẹ̀ sí agbọ̀n. Bí kò bá gbọ́, àbúrò rẹ á bọ́ sí àárín. Gba ìdajì owó iṣẹ́ rẹ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì ti bá awakọ̀ tó máa gbé yín padà sí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe àdéhùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bo dígí mọ́lẹ̀ láti òní lọ, kí fóònù máa wò ọ́ dípò rẹ̀. Fi fídíò jíju ìbàdí ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹsẹ̀ òsì hàn láti orúnkún dé ilẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.